Bí Ìyá Kílódé Ṣe Kọ́ 'Kò Sí' Lédè Gẹ̀ẹ́sì

Ní yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn ńlá kan, obìnrin kan wà tí àwọn ènìyàn ti gbàgbé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ìyá Kílódé ni gbogbo wọn ń pè é, láti orí àwọn nọ́ọ̀sì dé orí ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Kì í ṣe pé ó bí ọmọ kan tó ń jẹ́ Kílódé o. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló di orúkọ mọ́ ọn lára. Bí ọṣẹ bá hó, á ní, "Kí ló dé tó jẹ́ pé ọṣẹ aláwọ̀ ewé la bù sómi, tí ìfófòó rẹ̀ wá funfun?" Bí dókítà bá gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá, á dá a dúró: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀wù funfun lẹ̀ ń wọ̀, nígbà tẹ́ ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ ń ṣe?" Dókítà náà rẹ́rìn-ín, ó ronú sí i, ó ní òun ò mọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Abéèrè kì í ṣìnà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n abéèrè a máa pẹ́ lọ́nà. Bí wọ́n bá rán Ìyá Kílódé pé kó lọ gba ọṣẹ wá ní yàrá ìkẹ́rùsí, ẹni tó rán an á ti jókòó kó tó dé, torí yóò ti bi akẹ́rù léèrè ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọṣẹ, àti ìdí tí páálí rẹ̀ fi nípọn tó bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ẹ̀rọ ìfọṣọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n aṣọ ibùsùn tí ẹ̀jẹ̀ bá ta sí, ẹ̀rọ ò lè dá a fọ̀ mọ́. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi bílíìṣì, nínú àgbá sìmẹ́ńtì gbọọrọ tó wà lẹ́bàá ògiri, kí wọ́n fi ọwọ́ gbo ó, kí wọ́n tún un rẹ, kó tó kan ẹ̀rọ. Ìdí àgbá yìí ni Ìyá Kílódé ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí àkọ́bí rẹ̀ ti wà lọ́mọ ọwọ́. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà wà, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tó fi ń lu, bílíìṣì kì í sì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Oríkèé ìka rẹ̀ ti là, awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Bó bá fẹ́ dé bọ́tìnnì ẹ̀wù ara rẹ̀ láàárọ̀, ọkọ rẹ̀ ló máa ń bá a parí rẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ìfọṣọ ni yàrá ìránṣọ wà. Yàrá kékeré ni, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí oòrùn àárọ̀, maṣíìnì dúdú kan tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ sì wà lábẹ́ fèrèsé náà. Aṣọ ibùsùn tó bá ya, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó o lọ kí Ìyá Àgbà Aránṣọ lẹ̀ ẹ́. Nígbà ìsinmi ọ̀sán, Ìyá Kílódé a máa yọ́ lọ síbẹ̀. Ìbéèrè ló kọ́kọ́ gbé e débẹ̀: kí ló dé tí ojú abẹ́rẹ́ maṣíìnì fi wà nísàlẹ̀, nígbà tí ojú abẹ́rẹ́ ọwọ́ wà lókè? Ìyá Àgbà ò fi ẹnu dá a lóhùn. Wọ́n dìde lórí àga, wọ́n ní kó jókòó, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó jókòó. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bá wọn lẹ aṣọ, ó sì mọ̀ ọ́n lẹ̀ débi pé ẹ óò fi ọwọ́ wá ibi tí ihò wà tẹ́lẹ̀, ẹ ò ní rí i.

Ní báyìí, Ìyá Àgbà Aránṣọ fẹ́ fẹ̀yìn tì. Àga abẹ́ fèrèsé yóò ṣófo. Ká má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, Ìyá Kílódé fẹ́ àga náà débi pé ó ń lá a lálàá. Ó mọ̀ pé bí òun bá pẹ́ sí i nídìí bílíìṣì, ìka òun ò ní lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ ni ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ nìkan sì ni iṣẹ́ tó ń ṣe tí kì í wo aago.

Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tí wọ́n jọ ń gbo aṣọ, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ẹnu-ò-dilẹ̀ torí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ẹnu-ò-dilẹ̀ tiẹ̀ bi í ní gbangba: "Ìwọ, ṣé o ò fẹ́ lọ jókòó síbi ìránṣọ yẹn ni?"

"Èmi kẹ̀? Rárá o," ni Ìyá Kílódé dáhùn, ó sì tẹrí ba mọ́ aṣọ tó ń gbo. Ó ń retí kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tún un bi. Ẹnu-ò-dilẹ̀ ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Mátírọ́ọ̀nù àtijọ́, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, ni ìbá mọ̀ ọ́n láìsọ. Obìnrin yẹn gbà pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Bó bá bi yín pé kí lẹ fẹ́, tẹ́ ẹ ní kò sí, á tún bi yín, á tẹjú mọ́ yín, á bi yín lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀yin náà á wá họ orí, ẹ óò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn. Mátírọ́ọ̀nù tuntun ti ọ̀nà jíjìn wá, kò gbọ́ Yorùbá rárá, àfi Gẹ̀ẹ́sì. Ó sì ti ránṣẹ́ sí yàrá ìfọṣọ pé òun yóò pe àwọn òṣìṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ́fíìsì òun, láti gbọ́ ohun tí kálukú ń fẹ́. Gẹ̀ẹ́sì tí Ìyá Kílódé gbọ́, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló fi í sí, ó sì ti dípẹtà.

Àmọ́ tíṣà wà nílé. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti fi ọjọ́ ayé wọn kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, Màmá Tíṣà sì ni àdúgbò ń pè wọ́n títí dòní. Ọ̀dọ̀ ọmọ wọn, ọkọ Ìyá Kílódé tó ń ṣe káfíńtà, ni wọ́n ń gbé. Obìnrin tó dúró ṣánṣán ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, bí wọ́n bá fẹ́ dìde, wọn a di ògiri mú. Ìyá Kílódé rí i. A bi wọ́n pé, "Màmá, kí ló ń ṣe yín lẹ́sẹ̀?" Wọn a ní, "Kò sí nǹkan." Ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Màmá Tíṣà yìí náà ló kọ́ ọ ní ìwà tí kò tíì gbàgbé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Káfíńtà mú un wálé kí wọ́n tó fẹ́ra, wọ́n gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, wọ́n ní kó jẹun. Ọ̀nà jíjìn ló ti wá, ebi ń pa á. Ó kí wọn kú ìtọ́jú, ó sì nawọ́ sí ṣíbí. Lẹ́yìn oúnjẹ, Màmá Tíṣà pè é wọ ilé ìdáná, wọ́n sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí i létí: "Ọmọ mi, o dára, mo fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ dáadáa kì í gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀kan, o kọ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, o ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, o dúpẹ́, o jẹun." Ojú tì í débi pé kò lè wo Káfíńtà lójú bí wọ́n ti ń lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún fi nǹkan lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan tó gbà á.

Nígbà tó wá sọ fún Màmá Tíṣà pé òun fẹ́ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí òun yóò bá Mátírọ́ọ̀nù sọ, ojú wọn mọ́lẹ̀ kedere. Ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n kó bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ ṣì wà nínú agolo. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná di pátákó. Bí Ìyá Kílódé bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó gbé ìkòkò kaná, ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀.

"Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi ọ́," ni Màmá Tíṣà wí, "ni bóyá ẹnì kan ń yọ ọ́ lẹ́nu, bóyá nǹkan kan ń dùn ọ́. Torí náà, ibi 'kò sí' la ó ti bẹ̀rẹ̀." Wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn: "Nobody came." Wọ́n ní, "Ẹnì kankan ò wá."

Ìyá Kílódé fi ṣíbí ìdáná sílẹ̀. "Màmá, kí ló dé tí 'kò sí' wọn fi wà níwájú? Lọ́dọ̀ tiwa, ara 'wá' la fi 'ò' sí. Ẹni náà wà níbi tó wà jẹ́jẹ́, wíwá rẹ̀ la sọ pé kò ṣẹlẹ̀. Ti Òyìnbó yìí, wíwá ṣẹlẹ̀, ẹni tó wá ni kò sí!"

Ọwọ́ Màmá Tíṣà dúró lókè pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Wọ́n wo ilẹ̀kùn, wọ́n wo ìyàwó ọmọ wọn, wọ́n tún wo ilẹ̀kùn. "Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn," ni wọ́n wí níkẹyìn. "Gbé e mì bí ẹni ń lo oògùn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ dùn o, màá gbé e sùn."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Káfíńtà fi wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Ìyá Kílódé ṣí àwo tó wà lórí tábìlì, ó rí i pé wọ́n ti gé búrẹ́dì tí òun bò síbẹ̀.

"Ta ló gé búrẹ́dì yìí?"

"Nobody," ni Káfíńtà dáhùn láìṣẹ́jú.

"Nobody yìí nírùngbọ̀n," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "èérún búrẹ́dì sì wà nínú rẹ̀." Màmá Tíṣà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fi ẹ̀yìn ti ògiri.

Ẹ̀kọ́ ń lọ bẹ́ẹ̀, ìbéèrè ń gorí ìbéèrè. Màmá Tíṣà ní "no" kì í dá rìn, ó gbọ́dọ̀ rí orúkọ nǹkan kan tẹ̀lé e: "no soap", "no water". Àmọ́ "none" lè dá dúró. Ìyá Kílódé rò ó wò bó ti ń ro ọbẹ̀, ó ní, "Á jẹ́ pé àbùlẹ̀ ni 'no', ó ń wá aṣọ tó máa lẹ̀ mọ́. 'None' ti di aṣọ láyè ara rẹ̀." Màmá Tíṣà ní kó máa gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kó má sọ pé, "I did not see nobody." Ó ní kí ló dé? Wọ́n ní nínú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń ṣe ọ́fíìsì, "kò sí" kan ti tó. Ó mi orí. "Àbùlẹ̀ méjì lórí ihò kan. Ó yé mi."

Èyí tó gbà á lọ́kàn jù ni "neither". Màmá Tíṣà ní nǹkan méjì péré ni wọ́n ń lò ó fún, bí kò bá sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì.

"Bí etí?"

"Bí etí. Bí ojú. Bí ọwọ́."

Ìyá Kílódé wo ọwọ́ rẹ̀. Màmá Tíṣà náà wò ó. Wọ́n kọ gbólóhùn kan sílẹ̀kùn, lẹ́tà rẹ̀ tóbi ju ti ìyókù lọ: "Neither of my hands is well." Wọ́n ní, "Èyí ni kó o sọ fún un. Bó o bá ti sọ èyí, àga ti bọ́ sí ọ lọ́wọ́."

Ó ń sọ ọ́ lójú ọ̀nà, ó ń sọ ọ́ nídìí àgbá. Bó bá ká aṣọ ibùsùn tán, á na án sókè síbi ìmọ́lẹ̀: "No stain. No hole." Ẹnu-ò-dilẹ̀ ké sí àwọn tó kù pé kí wọ́n bá òun pe dókítà ọpọlọ, Ìyá Kílódé ti ń bá aṣọ sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọjọ́ pé, Mátírọ́ọ̀nù pè é. Ìyá Kílódé ti fi òróró pa ọwọ́, ó sì wọ ẹ̀wù tó fọ̀ fúnra rẹ̀. Bó ti wọlé, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, bí ọmọ tí wọ́n tọ́ ṣe ń dúró níwájú ọ̀gá. Ó yà á lẹ́nu pé ọmọdé ni Mátírọ́ọ̀nù, kò ju àbúrò òun lọ, ojú rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kó jókòó. Ó jókòó sí etí àga. Mátírọ́ọ̀nù gbé kẹ́tùlù tíì, ó bi í bóyá yóò mu nǹkan. Ọ̀fun Ìyá Kílódé ti gbẹ, òórùn tíì náà sì ń fà á nímú.

"Nothing, thank you, ma."

Mátírọ́ọ̀nù gbé kẹ́tùlù padà sílẹ̀. Ó bi í bóyá ẹnikẹ́ni ń yọ ọ́ lẹ́nu níbi iṣẹ́. "Nobody, ma." Ó bi í bóyá ó ní ẹ̀sùn. "None, ma." Ó bi í pé nínú iṣẹ́ àárọ̀ àti ti ọ̀sán, èwo ló nira jù fún un. "Neither, ma." Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bọ́ síbi tó yẹ kó bọ́ sí. Inú Ìyá Kílódé ń dùn, ó ń wò ó pé ká ní Màmá Tíṣà wà lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n máa gbọ́.

Mátírọ́ọ̀nù wá ní yàrá ìránṣọ máa tó ṣófo. Ó ní ṣé yóò fẹ́ lọ síbẹ̀, àbí nǹkan mìíràn wà tó ń fẹ́?

Gbólóhùn ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wà lórí ahọ́n rẹ̀, pátápátá, kò kù kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan nìyí. Ẹ̀ẹ̀kan, o kọ̀.

"No, ma," ni ó wí. "Nothing, ma." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wo ilẹ̀, ó ń dúró de ẹ̀ẹ̀kejì.

Mátírọ́ọ̀nù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yìn ín fún Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ó dìde, ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Ìyá Kílódé dúró díẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà, bóyá wọ́n máa pè é padà. Wọn ò pè é. Ẹnu-ò-dilẹ̀ ló kàn, ó wọlé, kò sì pẹ́ tó fi jáde, ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó tẹ ẹsẹ̀ síta.

"Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ ibi ìránṣọ! Kí wọ́n tó gbẹ́nu kúrò, mo ti ní 'Yes, ma!' Gẹ̀ẹ́sì mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì tó!"

"Tíì ńkọ́?" ni Ìyá Kílódé béèrè. Kò mọ ìdí tó fi béèrè.

"Mo mu ún. Mo tún ní kí wọ́n fi ṣúgà kún un."

Ìyá Kílódé kí i kú oríire, ó sì dì mọ́ ọn, torí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Ó padà sídìí àgbá. Bílíìṣì ò ta á lọ́wọ́ mọ́ lọ́jọ́ náà, ibòmíràn ló ti ń ta á.

Nílé, Màmá Tíṣà ti jókòó dè é. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, ìbéèrè àti èsì, wọ́n sì ń mi orí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Ó dára. Ó dára. O ò ṣi ọ̀kan ṣoṣo. Wọ́n wá ní ṣé o fẹ́ yàrá ìránṣọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Mo ní, 'No, ma.'"

"Kí ló dé?" ni Màmá Tíṣà kígbe.

"Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n bi mí, Màmá. Mo ń retí ẹ̀ẹ̀kejì." Ibẹ̀ ni omijé ti bọ́ lójú rẹ̀.

Màmá Tíṣà ń wo ibi tí wọ́n dúró sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, nígbà tí wọ́n fi ẹnu kan etí ọmọge kan tí ebi ń pa. "Èmi ni mo kọ́ ọ," ni wọ́n wí. "Mo kọ́ ọ ní tilé, mo kọ́ ọ ní ti Òyìnbó, mi ò rántí sọ fún ọ pé ilẹ̀kùn kan náà kọ́ ni wọ́n ń gbà wọlé."

"Kò burú, Màmá."

"Ó burú! Wò ó, àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Ṣùgbọ́n odindi ni obìnrin yẹn ń gbọ́ ọ sí. O ní o ò fẹ́, ó gbà pé o ò fẹ́. Kò ṣẹ̀ ọ́. Ó fọkàn tán ọ̀rọ̀ rẹ ju bí ìwọ fúnra rẹ ṣe fọkàn tán an lọ."

Káfíńtà, tó ti ń tẹ́tí láti ẹnu ọ̀nà, ní, "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìyá Kílódé, obìnrin tó ń da dókítà dúró lójú ọ̀nà, ìwọ ló ń bẹ̀rù ẹni tó ń bu tíì? Padà lọ lọ́la."

Ó padà lọ. Wọn ò pè é, òun ló kan ilẹ̀kùn. Mátírọ́ọ̀nù ní kó wọlé, ó tún nawọ́ sí kẹ́tùlù, ó bi í bóyá yóò mu tíì.

"Yes, ma," ni Ìyá Kílódé wí, ó yára débi pé ojú tì í díẹ̀. Ó mu ún, ó gbóná, ó dùn. Lẹ́yìn náà ló kó ọwọ́ méjèèjì jáde láti ẹ̀yìn, ó sì tẹ́ wọn sórí tábìlì, àtẹ́lẹwọ́ sókè.

"Neither of my hands is well, ma."

Mátírọ́ọ̀nù gbé ọ̀kan nínú wọn, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó bi í pé kí ló dé tí kò sọ lánàá, ṣebí òun bi í.

Ìyá Kílódé wá èsì, kò sí èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀kùn fún un. Gẹ̀ẹ́sì tó fi sọ ọ́ ń tiro, ṣùgbọ́n ó délé: lánàá, ẹ̀ẹ̀kan lẹ bi mí, mà. Nílé wa, ẹ̀ẹ̀kan kì í tó.

Mátírọ́ọ̀nù wá tẹ̀ síwájú lórí àga, ojú rẹ̀ sì dà bí ti Ìyá Kílódé nígbà tó bá rí nǹkan tuntun. Ó ní bí ẹni tí wọ́n bi ò bá wá fẹ́ nǹkan kan ní tòótọ́ ńkọ́? Ìyá Kílódé ní á ṣì sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ojú rẹ̀ ni wọ́n máa fi mọ̀ ọ́n.

Mátírọ́ọ̀nù bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó sọ òótọ́ fún un. Òun ti fi àga náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, òun ò sì ní gbà á padà. Àmọ́ láti òní lọ, Ìyá Kílódé ò ní ti ọwọ́ bọ bílíìṣì mọ́. Ibi ìkáṣọ ni yóò máa ṣiṣẹ́, dókítà yóò sì wo ọwọ́ náà. Ṣé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn?

"Yes, ma. Thank you, ma."

Ó ti dìde, ó ti dé ẹnu ọ̀nà, nígbà tí Mátírọ́ọ̀nù pè é padà. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ó tún bi í: ṣé kò sí nǹkan mìíràn tó ń fẹ́ ní tòótọ́?

Ìyá Kílódé di etí ilẹ̀kùn mú. "The chair, ma," ni ó wí. "I want the chair." Mátírọ́ọ̀nù mi orí, ó ní òun ti gbọ́, òun ò ní gbàgbé. Kò ṣèlérí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí Ẹnu-ò-dilẹ̀ gbọ́, ó figbe ta. "Ṣé wòlíì ni mí ni? Ṣebí mo bi ọ́!" Ó bínú títí di ọ̀sán, àmọ́ nígbà tó jókòó ti maṣíìnì láti kọ́ṣẹ́ kí Ìyá Àgbà tó fẹ̀yìn tì, tí òwú ń já lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ló bá lọ sí ibi ìkáṣọ lọ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá. Wọ́n jọ jókòó lórí àga kan náà, ìdí kan níbí, ìdí kan lọ́hùn-ún, Ìyá Kílódé sì ń fi ojú abẹ́rẹ́ tó wà nísàlẹ̀ hàn án.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìkòkò wà lórí iná. Kò tíì sẹ́ni tó nu ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Màmá Tíṣà ti gbọ́ gbogbo ìròyìn náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì fẹ́ dìde lọ pe Káfíńtà kó wá gbọ́ tirẹ̀. Wọ́n di ògiri mú.

"Màmá, kí ló ń ṣe yín lẹ́sẹ̀?"

"Kò sí nǹkan."

Ìyá Kílódé ti fẹ́ yíjú sí ìkòkò. Ó dúró. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Màmá, ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

"Mo ní kò sí nǹkan. Wo ọbẹ̀ rẹ, kó má jóná."

Ó sọ iná kalẹ̀. Ó sún mọ́ wọn títí ó fi rí ojú wọn dáadáa, ó rí bí wọ́n ṣe pa eyín pọ̀. "Màmá," ni ó wí, "ẹsẹ̀ yín."

Màmá Tíṣà wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, níbi tí lẹ́tà tó tóbi jù wà. Wọ́n padà jókòó jẹ́jẹ́. Wọ́n fi ọwọ́ kan orúnkún ọ̀tún, wọ́n fi kan ti òsì.

"Neither," ni wọ́n wí.

Ìyá Kílódé kúnlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé itan ara rẹ̀. Orúnkún náà wú, ó gbóná. "Láti ìgbà wo, Màmá? Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀ẹ̀kan lo máa ń bi mí, ìyàwó mi," ni Màmá Tíṣà dáhùn.